Power supply mi: ṣé ara rẹ̀ ṣì le, àbí ó ti ń kú lọ?

Délé_Bíìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi ni mo gbé wá. Bí mo bá ń kọ̀wé tàbí tí mò ń wo fídíò, kò sí wàhálà, ó lè wà ní títàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti ṣí géèmù ńlá, tí káàdì graphics bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ojú rẹ̀ á ṣú lójijì, á kú pátápátá, á sì tún tan fúnra rẹ̀. Kò sí ojú búlúù, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Nínú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, Kernel-Power 41 nìkan ni mo ń rí.

Power supply náà, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, oníwáàtì 550 ni, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Mo ṣí software HWiNFO láti wo fóltì, 10.9 ló kọ síwájú +12V. Àyà mi já. Mo ní mítà kan nílé, ṣùgbọ́n mi ò fi kan inú kọ̀ǹpútà rí. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá power supply yìí ló ń dà mí láàmú kí n tó lọ náwó?

Ògbólógbòó

Ọdún mẹ́fà! Kí lo tún ń wò? Yọ ọ́ dànù, ra tuntun. Kernel-Power, power supply nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ló ń pè yẹn o!

Wáyà_Pupa

@Ògbólógbòó, rọra. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé Windows jí, ó sì rí i pé wọn kò pa òun bó ṣe yẹ. Kò mọ ẹni tó pa á. Bí processor bá gbóná kọjá ààlà tó sì ti ara rẹ̀ pa, 41. Bí ẹnì kan bá fi overclock (mímú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ) ni ín lára, 41. Bí ọmọdé bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi kú, 41 náà ni.

@Délé_Bíìtì, pa 10.9 yẹn tì ná. HWiNFO kì í wọn nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ṣíìpù kékeré kan lórí motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́, ló ti ń gba nọ́ńbà, ṣíìpù yẹn kò sì lè gba fóltì 12 tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi resistor méjì gé fóltì náà kúrú, software á wá ṣírò rẹ̀ padà sókè. Bí software kò bá mọ ìwọ̀n tí wọ́n fi gé e lórí bọ́ọ̀dù tìẹ, irọ́ ni yóò máa pa fún ọ tọ̀sán-tòru. Mo ti rí ibi tó ti kọ fóltì 8 sórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyàtọ̀ nìkan ló lè wúlò níbẹ̀: bó bá jẹ́ 10.9 nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi, tó wá já sí 10.2 nígbà tí géèmù wọlé, jíjá yẹn ni kó o fọkàn sí, kì í ṣe 10.9.

Mú mítà rẹ. Yí i sí DC, 20V. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí plọ́ọ̀gù ńlá oníhò 24 sì wà nínú motherboard bó ṣe wà. Ẹ̀yìn plọ́ọ̀gù yẹn, níbi tí wáyà ti wọ inú ike, ni wàá ti ki ọ̀pá mítà bọ̀ ọ́. Ọ̀pá dúdú lọ sídìí wáyà dúdú èyíkéyìí, ọ̀pá pupa lọ sídìí àwọ̀ tó o fẹ́ wọ̀n.

Yẹ́lò ni 12V, kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 11.40 tàbí kó ju 12.60. Pupa ni 5V, láti 4.75 dé 5.25. Aláwọ̀ ọsàn ni 3.3V, láti 3.14 dé 3.47. Aláwọ̀ àlùkò ni 5V tí kì í sùn, ìyẹn èyí tó máa ń wà níbẹ̀ kódà tó o bá ti pa kọ̀ǹpútà, níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára ògiri. Ààlà tiẹ̀ náà ni 4.75 sí 5.25. Búlúù ni −12V, wọ́n gbà á láyè láti −10.8 dé −13.2, ohun tó sì ń lò ó lóde òní kò pọ̀. Bí gbogbo wáyà tìẹ bá dúdú, bí ọ̀pọ̀ àwọn tuntun ṣe rí, wá àwòrán plọ́ọ̀gù ATX (ìlànà tí ọ̀pọ̀ power supply ń tẹ̀ lé) oníhò 24 kó o máa fi ka ihò.

Má jẹ́ kí ẹnu ọ̀pá kan ihò méjì pọ̀. Má sì ṣí àpótí power supply fúnra rẹ̀, ohun yòówù kó o rí. Kàpásítọ̀ ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé nǹkan bíi fóltì 400, iná yẹn sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó o ti yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Àbíkẹ́_Síkóòpù

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Tèmi ni pé, wọ̀n ọ́n nígbà tó ń sinmi, kó o sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Power supply tó ti ń kú lọ lè fi 12.1 gẹ́lẹ́ hàn ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà ìsinmi tí kò dáa ń sọ nǹkan fún wa. Èyí tó dáa kò sọ nǹkan kan.

Má fi géèmù ṣe ẹrù náà, torí ẹrù géèmù ń lọ sókè sódò. Software OCCT ní ìdánwò kan tó ń jẹ́ Power, òun ló ń fi iṣẹ́ bá processor àti káàdì graphics lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá ní i lè ṣí Prime95 àti FurMark papọ̀. Jókòó tì í. Bó o bá gbóòórùn ike tó ń jó, tàbí tí mítà já sísàlẹ̀ 11.4, dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Máa wo bí processor àti káàdì ṣe ń gbóná tó pẹ̀lú, ká lè yọ ìyẹn kúrò nínú ẹjọ́.

Má sì fi plọ́ọ̀gù 24 nìkan ṣe é. Plọ́ọ̀gù tó wọ káàdì graphics ni kó o wọ̀n, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè kan: nígbà tó bá kú, ṣé ó máa ń tan padà lójú ẹsẹ̀, àbí ó máa ń kú fin-ín títí tó o fi yọ wáyà lára ògiri tó o dúró díẹ̀ kó o tó dá a padà? Ọ̀nà kejì yẹn sábà máa ń jẹ́ pé ààbò inú power supply ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, bóyá torí iná tó ń lọ pọ̀ jù tàbí torí wáyà tó fara kanra. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ pé fóltì já fún àkókò tó kéré jọjọ, motherboard sì bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Délé_Bíìtì

Ẹ ṣeun gan-an, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Àǹtí Àbíkẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló máa ń tan padà. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tó ń sinmi: yẹ́lò 12.09, pupa 5.03, ọsàn 3.31, àlùkò 5.06. HWiNFO ṣì ń kọ 10.9 níwájú mi báyìí. Ṣé ẹ rí òpùrọ́ yẹn! Ti ẹrù ni mo máa ṣe lálẹ́.

Tádé_K

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Kí ló dé tí ẹ fi ń da ara yín láàmú tó báyìí? Èmi yọ power supply tèmi jáde, mo na kílíìpù ìwé, mo fi so wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú, fáànù rẹ̀ yí. Ara rẹ̀ le nìyẹn. Tèmi kì í tètè tan láàárọ̀, ó dá mi lójú báyìí pé motherboard ló bàjẹ́.

Wáyà_Pupa

@Tádé_K, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kílíìpù ń dáhùn: ṣé ó lè jí? Pé ènìyàn dìde lórí ibùsùn kò ní ká mọ̀ bóyá ó lè ru igi délé.

Ihò 16 ni wáyà aláwọ̀ ewé yẹn wà. Motherboard ló máa ń fà á wálẹ̀ sára dúdú tó o bá tẹ bọ́tìnnì, power supply á sì mọ̀ pé wọ́n ní kóun dìde. Iṣẹ́ motherboard yẹn lo fi kílíìpù ṣe. Ẹrù kankan kò sí níbẹ̀ àfi fáànù rẹ̀, fáànù yẹn kò sì ju wáàtì díẹ̀ lọ. Power supply tó ti kú ní ìlàjì lè yí i láìsí wàhálà. Òdìkejì rẹ̀ náà tún wà: àwọn kan wà tí fáànù wọn kì í yí rárá àyàfi bí ooru bá dé, ẹni tó bá fi kílíìpù dán ìyẹn wò á rò pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ó dáa. Àwọn àtijọ́ kan sì wà tí kò ní dúró bí wọn ò bá rí ẹrù díẹ̀ gbé.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo kílíìpù, kó yọ gbogbo plọ́ọ̀gù kúrò lára motherboard, káàdì àti dísíìkì, kó so kílíìpù kó tó fi wáyà sára ògiri, kó tó wá tan súìṣì ẹ̀yìn rẹ̀. Kó sì dá a lójú pé ATX gidi ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta odidi kọ̀ǹpútà máa ń to ihò tiwọn bó ṣe wù wọ́n, àwọ̀ wáyà wọn lè má bá àwòrán mu. Ìlànà ATX12VO tí Intel gbé jáde lọ́dún 2019 kò tilẹ̀ ní plọ́ọ̀gù 24 mọ́, ihò 10 ló ní, 12V nìkan ló sì ń jáde nínú rẹ̀.

Ògbólógbòó

Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn. Tèmi, 80 PLUS Gold ni. Kò lè bàjẹ́.

Àbíkẹ́_Síkóòpù

@Ògbólógbòó, 80 PLUS ń sọ iye iná ògiri tí kò ṣòfò nígbà tí power supply ń gbé ìdá 20, 50 àti 100 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tó ṣì tuntun. Kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ oní-Gold ló dáa, torí ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ kò lè fi pàǹtí kọ́ ọ, àmọ́ ìwé ẹ̀rí yẹn kò mọ ohun tójú ẹ̀rọ ti rí láti ìgbà náà.

@Tádé_K, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ti àárọ̀ yẹn dáadáa.

Tádé_K

Bó bá ti sùn mọ́jú, mo máa tẹ bọ́tìnnì, fáànù á gbọ̀n díẹ̀, á dákẹ́. Màá tún tẹ̀ ẹ́, á tún gbọ̀n. Bó pẹ́ bó yá, á tan. Tó bá ti lè tan, ó di alẹ́. Tí mo bá pa á tí mo sì tún tan án lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣe ìjọ̀ngbọ̀n kankan.

Àbíkẹ́_Síkóòpù

Má tíì dá motherboard lẹ́bi. Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, kàpásítọ̀ tó ti gbó ni ó jọ.

Omi kan wà nínú àwọn kàpásítọ̀ alágolo kéékèèké yẹn. Ooru ló máa ń gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò tí àwọn ẹlẹ́rọ ń lò ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 10 lọ sókè, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ di ìdajì. Bí omi yẹn ṣe ń tán, bẹ́ẹ̀ ni iná ń ṣòro fún un láti gbà kọjá, òtútù sì tún ń mú un le sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣagídí láàárọ̀ tó sì ń gbọ́ràn lẹ́yìn tó ti gbóná. Apá tó ń pèsè fóltì 5 aláwọ̀ àlùkò ló sì ń jìyà jù nínú rẹ̀, torí kì í sinmi: kódà tó o bá pa kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ níwọ̀n ìgbà tí wáyà wà lára ògiri.

Dá power supply padà sáyè rẹ̀, jẹ́ kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀, kó o tó tẹ bọ́tìnnì, wọ̀n wáyà àlùkò (ihò 9). Lẹ́yìn náà, fi ọ̀pá sílẹ̀ níbẹ̀, kó o wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nọ́ńbà náà nígbà tó o bá tẹ bọ́tìnnì. Tún wo wáyà aláwọ̀ eérú, ihò 8. Ibẹ̀ ni power supply ti ń sọ fún motherboard pé gbogbo fóltì òun ti dúró dáadáa, ó sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 100 sí 500 lẹ́yìn tí wọ́n dúró. Bí eérú kò bá gòkè dé 2.4V ó kéré tán (ó sábà máa ń súnmọ́ 5), motherboard kò ní gbéra, kódà bí gbogbo àwọn yòókù bá pé. Mítà á sọ fún ọ bóyá ó dé, kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Àwọn àpótí kékeré tí wọ́n fi ń dán power supply wò lè kọ mílísẹ́kọ́ńdì yẹn sójú, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lára wọn nìyẹn. Ẹrù tí wọ́n ń gbé lé e kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ má fi wọ́n dájọ́ ẹ̀rọ bíi ti Délé.

Délé_Bíìtì

Mo ti dé o. Mo lo OCCT, mo jókòó tì í bí ẹ ṣe wí. Ooru processor kò lé ní 74, káàdì wà ní 71. Ní plọ́ọ̀gù 24, 12V já láti 12.09 sí 11.87, ó dúró síbẹ̀. Ní plọ́ọ̀gù káàdì graphics, 11.28! Mo tún un wọ̀n kó má lọ jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n, 11.28 náà ni. Mo dá a dúró.

Mo wá yọ plọ́ọ̀gù káàdì náà wò. Wáyà kan ṣoṣo ló ti power supply wá, ó wá pín ẹnu sí méjì, ẹnu méjèèjì ni mo kì bọ inú káàdì. Nínú ẹnu kan, ike tó yí ihò yẹ́lò kan ká ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n yan án, irin inú rẹ̀ sì ti dúdú. Káàdì náà máa ń jẹ tó wáàtì 220.

Wáyà_Pupa

Ó dáa tó o yọ ọ́ wò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Káàdì máa ń gba díẹ̀ látinú ihò tó jókòó sí lórí motherboard, tí ìlànà PCI Express fún ní wáàtì 75, kì í sì í sábà gbà á tán. Ká ní ó gba 50 níbẹ̀, 170 ló kù fún wáyà. 170 pín sí 12, ó lé díẹ̀ ní ampere 14. Láàárín plọ́ọ̀gù 24 àti plọ́ọ̀gù káàdì, fóltì 0.59 ló sọnù. 0.59 lọ́nà 14, ó lé ní wáàtì 8. Ohun tí wáyà àti irin plọ́ọ̀gù rẹ fi ń di ooru nìyẹn, apá tó pọ̀ níbẹ̀ sì ń jó nínú ihò kan tí kò tó ìka ọwọ́ ọmọdé. Kò yà mí lẹ́nu pé ike pọ́n.

Ọ̀nà tààrà wà láti rí i: fi ọ̀pá kan sí yẹ́lò ní plọ́ọ̀gù 24, èkejì sí yẹ́lò ní plọ́ọ̀gù káàdì, kí ẹrù wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde ni ohun tó sọnù lápá yẹ́lò nìkan. Ṣe é fún dúdú sí dúdú náà, torí ìpadàbọ̀ iná ń sọnù lápá ibẹ̀ pẹ̀lú.

Má lo wáyà yẹn mọ́. Bí power supply rẹ bá jẹ́ irú tí wáyà rẹ̀ ń yọ, wo inú páálí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà PCIe (ti káàdì graphics) kejì wà níbẹ̀. So wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnu kan láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jọ̀ọ́, má yá wáyà power supply mìíràn o, kódà bí ẹnu rẹ̀ bá wọlé wẹ́kú. Ẹnu tó lọ sára káàdì ló ní ìlànà. Ẹnu tó wọ ara power supply, oníkálukú ló ń to tirẹ̀. Ibi tí tìẹ fi yẹ́lò sí lè jẹ́ dúdú lára ti ẹlòmíì, àwọn kan sì ti fi bẹ́ẹ̀ jó gbogbo dísíìkì wọn.

Délé_Bíìtì

Wáyà kejì wà nínú páálí lóòótọ́, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Mo ti so ó. Ní plọ́ọ̀gù káàdì báyìí, lábẹ́ ẹrù OCCT, 11.74. Mo ti ń yọ̀, àmọ́ nígbà tí mo ṣí géèmù, ó ṣì kú. Kò yá kú bíi tàtẹ̀yìnwá o, ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó kú. OCCT ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kò ṣe é ní nǹkan kan. Báwo ni géèmù ṣe le ju OCCT lọ?

Àbíkẹ́_Síkóòpù

Kò le jù ú lọ. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé kì í dúró lójú kan. OCCT ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìyẹsẹ̀. Géèmù a máa jẹ́ kí káàdì sinmi, a tún fò sókè lójijì, láàárín àkókò tó kéré ju mílísẹ́kọ́ńdì kan lọ káàdì náà lè béèrè iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Mítà rẹ kò lè rí ìyẹn láé, ìpíndọ́gba ló ń fi hàn ọ́. Kàpásítọ̀ ló yẹ kó di àlàfo yẹn. Tí kàpásítọ̀ bá ti gbẹ, fóltì á rì sísàlẹ̀ fún àkókò péréte, wáyà eérú á já, motherboard á bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nítorí fífò bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ATX 3.0 tó jáde lọ́dún 2022 ṣe sọ pé power supply tó lé ní wáàtì 450 tó sì ní plọ́ọ̀gù 12VHPWR ti káàdì graphics gbọ́dọ̀ lè fara da ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ fún máíkírósẹ́kọ́ńdì 100. Tìẹ ti dàgbà ju ìlànà yẹn lọ.

Ìkejì tí mítà kì í rí ni ìgbì kékeré tó máa ń gun orí fóltì, tí wọ́n ń pè ní ripple. Ìlànà gbà á láyè dé mílífóltì 120 lórí 12V, àti 50 lórí 5V àti 3.3V. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú, la fi ń wò ó, tí a bá dín agbára ojú rẹ̀ kù sí 20 MHz, tí kàpásítọ̀ kéékèèké méjì sì wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, torí bí kò bá sí wọn, ariwo inú afẹ́fẹ́ lo máa wọ̀n. Mo ní ọ̀kan, mo sì ti rí power supply tí mítà ń pè ní 12.02 gbọnrangandan tí síkóòpù mi ń fi ìgbì tó kọjá 200 hàn lórí rẹ̀. Ojú mítà, ó dá ṣáká. Ojú síkóòpù, ẹ̀fúùfù ń jà.

Mi ò ní kó o lọ ra síkóòpù. Èyí tó o lè ṣe láìnáwó kan rèé: ṣí MSI Afterburner, fa power limit káàdì náà (ààlà iná tó lè jẹ) wálẹ̀ sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kó o ta géèmù kan náà. Bí kò bá kú mọ́, ọ̀rọ̀ iná ni, kì í ṣe ti géèmù tàbí driver. Lẹ́yìn ìyẹn, yá power supply tó dá ọ lójú lọ́wọ́ ẹnì kan, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, kó o dá power limit padà sí 100, kó o tún un dán wò. Ìdánwò yẹn ló ń parí ẹjọ́ jù.

Wáyà_Pupa

Kó o tó lọ yá ti ẹlòmíì: yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára ṣọ́kẹ́ẹ̀tì onígígùn tó o bá fi ń lò ó, so ó mọ́ ara ògiri tààrà. Bí UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró) bá wà láàárín, yọ ìyẹn náà kúrò fún ìdánwò yìí. Power supply ìsinsìnyí tó ní PFC (apá tó ń tún bó ṣe ń gba iná ògiri ṣe) kì í fi bẹ́ẹ̀ bá UPS olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì iná rẹ̀ jẹ́ onígun mu. Kó o sì jẹ́ kí MemTest86, tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú. RAM tó bàjẹ́ sábà máa ń mú ojú búlúù wá, àmọ́ ó dáa ká lé e kúrò nílé ẹjọ́.

Délé_Bíìtì

Ẹ káàárọ̀ o. Ara ògiri tààrà: kò yí nǹkan kan padà. MemTest86: kò rí àléébù. Power limit 70: mo ta géèmù títí ojú mi fi ń ta mí, kò kú. Mo dá a padà sí 100, ó kú. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní power supply tirẹ̀, oníwáàtì 650, mo lo gbogbo wáyà tirẹ̀. Power limit 100, géèmù kan náà, kò kú. Ní plọ́ọ̀gù káàdì, 11.96 lábẹ́ ẹrù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá tuntun.

Ògbólógbòó

Ta ló kọ́kọ́ ní kó o rà tuntun níbí yìí? Ọ̀rọ̀ mi ṣẹ, àbí kò ṣẹ?

Wáyà_Pupa

Ó ṣẹ. O ò kàn mọ ìdí tó fi ṣẹ ni. Bó bá ti ra tuntun lọ́jọ́ tó o sọ̀rọ̀, ẹnu méjì orí wáyà kan náà ni ì bá tún kì bọ inú káàdì.

Délé_Bíìtì

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù. Èyí tí mo yọ yìí, ṣé mo lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní káàdì graphics? Ó ń gbé wáàtì 11.74 dáadáa lábẹ́ OCCT, ẹrù ibẹ̀ kò sì ní tó ìdá mẹ́rin èyí.

Wáyà_Pupa

Fóltì 11.74 lo fẹ́ wí. Á tan, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ èmi kò ní gbé e sínú ẹ̀rọ tí ohun tí mo fẹ́ràn wà lórí dísíìkì rẹ̀. Kàpásítọ̀ tó ti ń gbẹ kì í dúró síbi tó wà, ìgbì orí fóltì sì lè ti pọ̀ báyìí tí mítà wa kò rí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àfidánwò lásán ni, lò ó, kó o máa wo 12V rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó jó yẹn, gé ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó o tó sọ ọ́ nù, kí ẹlòmíì má lọ ṣà á lò.

Tádé_K

Ẹ wo tèmi o. Láàárọ̀ yìí, kí n tó tẹ bọ́tìnnì, àlùkò jẹ́ 4.62. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó já sí 3-àti-nǹkan, fáànù gbọ̀n, ó dákẹ́. Eérú kò tilẹ̀ kúrò ní òdo. Nígbà tó tan tán tó ti gbóná, àlùkò gòkè dé 4.93, eérú sì wà ní 4.9. Àǹtí Àbíkẹ́, ṣé mo lè ṣí i kí n pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké yẹn fúnra mi? Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jó òjé.

Àbíkẹ́_Síkóòpù

Rárá. Mímọ òjé jó kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Fóltì 400 yẹn wà lórí bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú àwọn kékeré tó o fẹ́ yọ, èyí tó bá sì gba ọwọ́ rẹ kò ní bi ọ́ bóyá o mọ iṣẹ́. Bó bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú, ṣíṣí i á tún ba ìyẹn jẹ́. 4.62 láìsí ẹrù kankan lórí rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ 4.75, kò tún sí ohun tí à ń wádìí mọ́. Kọ gbogbo nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ bó o ṣe kọ wọ́n síbí, kó o fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún ọ. Àwọn tó mọṣẹ́ kò ní bá ọ jiyàn lórí wáyà àlùkò tó wà ní 4.62. Motherboard rẹ, fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Títí wàá fi rí òmíràn, máa yọ wáyà lára ògiri tó o bá ti parí iṣẹ́ lálẹ́, kó o sì mọ̀ pé títàn àárọ̀ á túbọ̀ le nígbà náà.